A Dá Títù Lẹ́jọ́, Títù Wà Lẹ́yìn Fèrèsé

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọdún ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni, lásìkò tí gbogbo ìta ilé láti Ayédé títí dé Òyè kún fún kòkó tí wọ́n sá sóòrùn. Fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Nítorí náà, ẹ má kà á bí ìtàn ayé àtijọ́, kí ẹ máa rò pé àwa la gọ̀, ẹ̀yin lẹ lajú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa lẹ ní kí n kọ bí wọ́n ṣe jí ìbò wa. Màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ fẹ́ kí n bú àwọn olè. Màá bú wọn dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ràn wọn, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ràn wọn torí pé mo jẹ́ Kristẹni. Ṣùgbọ́n tí mo bá bú wọn tán, ó ku àwa. Ó ku èmi gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, Ìyá Tísà ni gbogbo ìlú wa ń pè mí. Mo kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lágbègbè wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti yan iṣẹ́ lódì nínú òjò. Mo ti jókòó sójú títì ní Ìkọ̀lé tí ọlọ́pàá ń yin tajútajú lù wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kì í rọ̀. Àwọn kan sọ pé ó yẹ kó ti rọ̀ báyìí tí mo ti ń fi ọ̀pá rìn. Kò rọ̀.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kọ́ mi, tí èmi náà sì fi kọ́ gbogbo ènìyàn: má fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni. Nígbà ìyanṣẹ́lódì kan, àwọn aṣojú wa lọ sí Adó, ìjọba fún wọn ní tíì àti bisikíìtì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n padà dé. Nígbà tí a ka ìwé náà, a ò rí ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwa níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra báírò lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣojú fún mi. Mo máa ń sọ ọ́ nípàdé pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i, ó ti tà wá nìyẹn, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Bísí ló du ipò káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa lọ́dún náà. Òun ló gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà nílùú kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjà tí a ń jà, ìjà ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ti ilé ìwòsàn wa pa. Káńsẹ́lọ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà, ọkùnrin tí Nọ́ọ̀sì Bísí ń bá du ipò náà, kó jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀, ó ní òun ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. Aboyún tí ọmọ bá ń mú lọ́sàn-án gangan ní láti gun ọ̀kadà lọ sí Ìdó. Ọ̀kan bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọmọ náà ò yè. Ìyẹn ló mú mi jáde nílé. Ẹni tó bá ń wò mí bí arúgbó tó fẹ́ràn wàhálà, kó lọ bi ìyá ọmọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìdìbò, mo kó gbogbo ajẹ́ńtì wa jọ, ìyẹn àwọn tí yóò ṣojú fún wa níbi tí wọ́n ti ń dìbò. Mo sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé èsì kankan títí màá fi pè wọ́n lórí fóònù.

Títù na ọwọ́ sókè. Káfíńtà ni Títù, ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ àwọn àga ìjókòó tuntun ti ṣọ́ọ̀ṣì wà nígbà náà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní píráímárì.

Ó ní, "Ìyá Tísà, tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sí ńkọ́?"

Mo ní, "Títù, láti píráímárì fọ́ọ̀ lo ti ń bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi ọ́. Jókòó."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n ní kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà má rìn, àfi èyí tí wọ́n bá fún ní ìwé àṣẹ. Ìbò lọ dáadáa. Ìta gbangba ni wọ́n ti kà á ní ibùdó Títù, wọ́n ń gbé ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn ń kà á tẹ̀lé wọn, Nọ́ọ̀sì Bísí sì fi ẹ̀yìn wọn janlẹ̀. Ní ibùdó mẹ́ta mìíràn, bákan náà ni. Ariwo ayọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí mo ti ń dúró de àkójọ èsì. Mo gbé fóònù láti pe àwọn ajẹ́ńtì mi. Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, kò lọ.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ibùdó tiwa mẹ́rin yẹn ni mo gbọ́ pé wọ́n ti yí i. Iye tí Nọ́ọ̀sì Bísí ní ti di ti ọkùnrin yẹn, iye tí ọkùnrin yẹn ní ti di ti Nọ́ọ̀sì Bísí. Wọn ò tilẹ̀ wá nọ́ńbà tuntun. Ọ̀lẹ olè ni wọ́n.

Mo fò dìde. "Irọ́ ni! Ojú gbogbo ìlú lẹ ti ka ìbò níbẹ̀!"

Òṣìṣẹ́ ìdìbò tó ń kà á ò wo ojú mi. Ó ní, "Mà, ní ibùdó mẹ́ta, ajẹ́ńtì yín kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí i, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kọ̀. Ní ìkẹrin yìí, ajẹ́ńtì yín fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó. Ṣé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyí?"

Ó gbé ìwé náà sókè. Mo sún mọ́ ọn. Orúkọ Títù ni, pẹ̀lú ìfọwọ́sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kan tì mí sẹ́yìn kí n tó wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti rí orúkọ, ìyẹn sì tó mi. Dúpẹ́, akọ̀wé ìpolongo wa, fa aṣọ mi, ó ní, "Ìyá Tísà, mo fẹ́ sọ nǹkan fún yín tẹ́lẹ̀. Mo rí Títù lọ́sàn-án yìí lẹ́yìn ọ̀kadà Láńre."

Láńre ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kejì. Òun ló ń fi ọ̀kadà kó oúnjẹ fún àwọn ajẹ́ńtì tiwọn káàkiri, nítorí náà ó ní ìwé àṣẹ. Kí ni ajẹ́ńtì wa ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ̀ ọ́n fúnra mi.

Nígbà tí mo délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Títù jókòó sórí òkúta níwájú ilé mi. Ó dìde bó ṣe rí mi, ó fẹ́ gba àpò ọwọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo fa àpò mi sẹ́yìn.

"Ìyá Tísà, ẹ kú ìrìn. Láti ọ̀sán ni mo ti ń wá yín. Ẹ jẹ́ á wọ ulé, mo ní ohun tí mo fẹ́—"

"Títù, ṣé o fọwọ́ sí ìwé èsì?"

"Mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n—"

"O fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́—"

"Ta ló gbé ọ dé ibí?"

"Láńre ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe—"

"Ó tó. Kúrò níwájú ilé mi kí n tó pariwo olè lé ọ lórí."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ. Inú mi dùn sí ara mi. Mo ní mo ti fi ojú ọ̀dàlẹ̀ gbolẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi ni. Lẹ́yìn ìsìn, àwa ìgbìmọ̀ ìpolongo jókòó nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ọmọ ìjọ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Àlùfáà wa, ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ, wá jókòó tì wá. Nọ́ọ̀sì Bísí ò wá, ara rẹ̀ ò yá láti àná. Èmi ni mo darí ìpàdé. Mo ròyìn bí mo ṣe rí orúkọ, Dúpẹ́ ròyìn bó ṣe rí ọ̀kadà, mo tún ròyìn bí Títù ṣe fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ariwo sọ. Ẹnìkan ní kí a lọ wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹlòmíràn ní láti ìgbà tó ti fẹ́ ìyàwó nínú ilé àwọn Láńre ni òun ti mọ̀. Ẹni yìí ò sọ ohun tó mọ̀ fún wa títí di ọjọ́ náà, àmọ́ lójijì ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́wàá.

Àlùfáà ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé a ti gbọ́ ti Títù?"

Mo ní, "Àlùfáà, ó ti jẹ́wọ́ fún mi."

"Ó jẹ́wọ́ pé òun fọwọ́ sí i. Ṣé ó sọ ìdí?"

"Ìdí wo ló tún wà?"

Àlùfáà na ọwọ́ sí fèrèsé. "Ìyá Tísà, Títù ló dúró síta yẹn. Láti ìgbà tí a ti wọlé ló ti wà níbẹ̀. Ẹ ní kó wọlé."

Gbogbo wa wo fèrèsé. Lóòótọ́, Títù ni. Ó wọ aṣọ ìjọsìn rẹ̀, ó di Bíbélì mọ́ àyà, kò sì jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó rí wa pé a ń wò ó. Dúpẹ́ dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní kọ́kọ́rọ́.

Àlùfáà ò bínú, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ó ní, "Ọlọ́run mọ ibi tí Ádámù sá pa mọ́ sí. Ó mọ ẹni tó jẹ èso náà. Síbẹ̀ ó dúró, ó bi Ádámù, ó bi Éfà, kó tó sọ ìdájọ́ kankan jáde. Ìyá Tísà, ṣé ẹ mọ̀ jù ú lọ ni?"

Mo ní, "Àlùfáà, Ọlọ́run ní àkókò. Àwa ò ní. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣèlú wa, kí ẹ̀yin máa ṣe ìwàásù yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo ní kí a dìbò lórí ọ̀rọ̀ Títù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ìbò wa la tún dìbò lórí ẹni tó wà níta tí kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè, àfi ti Àlùfáà. A yọ Títù kúrò nínú ìpolongo. Èmi tí mo jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ní lójú ẹsẹ̀ pé mo gba iṣẹ́ àga ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ìpinnu náà sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i, Dúpẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Àlùfáà ò jẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà àti ti gáréèjì, a sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ènìyàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó gbé ilẹ̀kùn tó wó lọ bá Títù mọ́. Wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ ní aya ọ̀dàlẹ̀ níbi tó ti ń pọn omi. Mo gbọ́ ọ, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Títù ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé.

Nígbà tí a ṣe tán láti pe ẹjọ́, a gba lọ́yà kan láti Adó. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó ní, "Ẹ kó ẹ̀dà ìwé èsì àwọn ibùdó yẹn wá."

Mo ní, "Ẹ̀dà wo?"

"Èyí tí wọ́n fún àwọn ajẹ́ńtì yín."

"Wọn ò fún wọn ní nǹkan kan. Wọ́n kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí i."

Lọ́yà náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mà, ajẹ́ńtì tó bá fọwọ́ sí i ni òṣìṣẹ́ ìdìbò máa ń já ẹ̀dà fún. Ẹ̀dà yẹn lẹ fi ń mú ẹni tó bá yí èsì. Ta ló ní kí wọ́n má fọwọ́ sí i?"

Dúpẹ́ wò mí. Kò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé òun náà gbọ́n díẹ̀.

Lọ́yà ní, "Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé kò sí ẹyọ ẹnìkan tó fọwọ́ sí i?"

Mo ní, "Ẹnìkan fọwọ́ sí i. Ó ti tà wá ni."

"Ṣé ẹ bi í bóyá ó gba ẹ̀dà?"

Mi ò bi í. Mo ti bi í bóyá ó fọwọ́ sí i, mo ti bi í ẹni tó gbé e. Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù nínú ọjọ́ tí òfin fún wa láti pe ẹjọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Àlùfáà wọ takisí lọ sí Ìkọ̀lé. Mo retí pé yóò sọ fún mi pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. A bá Títù níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fá pákó ilẹ̀kùn. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó kí Àlùfáà. Ó kí mi náà, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n kò fún mi ní àga.

Mo ní, "Títù, mo wá gbọ́ ẹnu rẹ."

Ó ní, "Ẹ ti dá ẹjọ́ tán, Ìyá Tísà. Ẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?"

Àlùfáà ní, "Títù, jọ̀ọ́."

Ó fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Kò wo ojú mi, Àlùfáà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin tó ń ka ìbò ti ń di ẹrù rẹ̀. Mo pe Ìyá Tísà, fóònù ò lọ. Ó ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i, òun ò ní fún mi ní ùwé kankan, òun ń lọ. Mo ka ohun tó kọ síbẹ̀, òótọ́ ni, kò yí nǹkan kan nígbà yẹn. Ni mo bá fọwọ́ sí i, mo gba ẹ̀dà. Mo ní kí n tètè mú un dé ọ̀dọ̀ yín kí wọ́n tó ka èsì. Kò sí ọ̀kadà. Láńre tó jẹ́ àna mi ń kọjá lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé mi. Mi ò sọ ohun tó wà lápò mi fún un. Mo dé gbọ̀ngàn, ọlọ́pàá lé mi. Mo wá sí ulé yín, mo jókòó dè yín. Ùwé náà wà lápò mi nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ọjọ́ kejì, ó wà nínú Bíbélì mi. Ẹ rí mi lójú fèrèsé, Ìyá Tísà. Ẹ rí mi."

Mo ní, "Mo rí ọ."

"Ọ̀daràn tí wọ́n bá mú nínú ulé onílé, wọ́n ṣì ń bi í ní ohun tó wá ṣe."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní inú ló bí mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wọlé, ó mú ìwé náà jáde, ó fi ọ̀rá wé e. Àlùfáà ló fi lé lọ́wọ́. Ó ní, "Kì í ṣe nítorí Ìyá Tísà. Nọ́ọ̀sì Bísí ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi. Màá wá jẹ́rìí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Ìyá Tísà jókòó tì mí."

Ìwé kan ṣoṣo là ń gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò. Àwọn ibùdó mẹ́ta tó kù, àwọn ajẹ́ńtì tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Síbẹ̀, lọ́yà wa ní tí wọ́n bá gba ìwé Títù gbọ́, ó lè fọ́ irọ́ yòókù. Títù jẹ́rìí, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ ní Ìkọ̀lé, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Mo rí i pé ó ń wọ àwọn adájọ́ létí. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí.

Lọ́yà àwọn olè dìde. Màá pè wọ́n ní olè títí màá fi kú. Ó fún mi ní ìwé kan. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gbà á. Èyí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì ni.

"Ẹ bá wa ka ìlà kẹta, mà."

Mo kà á. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti rí i dájú pé ọ̀dàlẹ̀ àti òpùrọ́ ni Títù, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ohun tó bá sọ gbọ́ mọ́.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n—"

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe—"

"Mi ò bi yín ní àlàyé, mà. Ṣé òótọ́ lẹ kọ síbẹ̀ àbí irọ́?"

Mo yíjú sí àwọn adájọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n dáhùn ohun tí wọ́n bi mí. Mo ní irọ́ ni. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nítorí náà ẹ máa ń fọwọ́ sí irọ́," ó sì jókòó. Mo wo Títù lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ó ti dorí kodò. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo bà á lórúkọ jẹ́, èyí lójú ilé ẹjọ́.

Wọ́n ní àwọn ò lè gbára lé ẹlẹ́rìí tí àwọn tó pè é ti fẹnu ara wọn pè ní òpùrọ́. Wọ́n da ẹjọ́ wa nù. Ọkùnrin yẹn tún jẹ káńsẹ́lọ̀, ó lo ìgbà rẹ̀ pé. Bó bá rí mi lójú ọ̀nà, á ní, "Ẹ káàsán o, Ìyá wa." Mi ò dá a lóhùn rí. Ẹ má sọ fún mi pé Kristẹni kì í di kùnrùngbùn. Mo ń bá Ọlọ́run sọ ọ́, kò sì tíì tán.

Ẹ bi mí ohun tí a jèrè níbẹ̀. Díẹ̀ ni. Wọ́n ka iye òótọ́ ibùdó Títù sétí gbogbo ènìyàn ní ilé ẹjọ́, akọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé a ò wí. Àwọn ajẹ́ńtì wa ti mọ̀ báyìí pé kí wọ́n ka ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i bó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà. Nọ́ọ̀sì Bísí ń tọ́jú àwọn aboyún nínú ilé rẹ̀ láìgba nǹkan kan. Ohun tí a pàdánù, ẹ lọ wo ilé ìwòsàn náà: koríko ti bo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù Títù: ẹlòmíràn ń ta páànù níbẹ̀.

Mo ti rò ó títí. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí ìgbàgbọ́ wa sọ. Lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, mo máa ń sunkún lórí Ẹni tí èrò fi ariwo dá lẹ́bi, tí wọn ò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Mo máa ń bínú sí èrò yẹn gidigidi. Àṣé èmi ni mo ń darí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé ẹni báyìí ti tà wá, ẹ ò tíì rí ẹni náà, ẹ ò bi í, mo mọ bó ṣe ń dùn mọ́ yín. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò jẹun dùn tó bẹ́ẹ̀ rí bí mo ṣe jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi tí a lé Títù.

Mo dìde nínú ìjọ lẹ́yìn ẹjọ́ náà, mo sọ ẹ̀bi mi níwájú gbogbo ènìyàn, mo sunkún. Wọ́n sunkún pẹ̀lú mi. Wọ́n ní mo nígboyà. Títù ò sí níbẹ̀, ó wà ní Ìkọ̀lé.

Lọ́dún tó kọjá, ó wálé fún ìkórè. Nígbà tí a lọ gba Ara Olúwa, mo rí i níwájú pẹpẹ, mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yíjú, ó rí i pé èmi ni. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ sí apá kejì. Àlùfáà gbé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dìde, mo padà sí àga mi láìgbà á, mi ò sì tíì gbà á láti ọjọ́ náà.

Àlùfáà wá bá mi nílé. Ó ní, "Ìyá Tísà, Ọlọ́run ti dárí jì yín. Mo ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ yín, ó tó. Ẹ padà wá."

Mo sọ fún un pé tèmi nìkan ló gbọ́. Mo ní kó lọ sí Ìkọ̀lé, kó lọ gbọ́ ti Títù.